Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Mọ Sabon Gari Nìkan

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá sí Zaria, torí àsìkò tí yunifásítì ń gba ọmọ tuntun la wà yìí. Fóònù ò jẹ́ ká sinmi: "Ẹ bá wa gba ọmọ yìí o, ABU ti mú un." Ọmọ á dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, àyà rẹ̀ á máa já nítorí ohun tí wọ́n ti sọ fún un nípa òkè Ọya. Kí làwa náà máa ń ṣe? A ó mú un láti ibùdókọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, a ó fún un lóúnjẹ, lọ́jọ́ kejì a ó gbé e lọ sí Samaru. Ó parí. Ọdún mẹ́rin, ọ̀nà kíláàsì àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa nìkan ló mọ̀.

Ìyẹn ò dára tó, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwa tá a gbà á lálejò ló yẹ ká fi ọ̀nà hàn án. Ọ̀rọ̀ fàájì kọ́ ni mò ń sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde kónílé-ó-gbélé, tàbí tí ọ̀nà bá dí, ọmọ tí kò mọ ìlú, ibo ló máa gbà? Ta ló máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀?

Ẹ rántí Sabo tó wà ní Ìbàdàn, àwọn Hausa ló ń gbé ibẹ̀. Sabon Gari tiwa níbí, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwa àlejò láyé òyìnbó ni. Orúkọ kan náà ni, ìlú tuntun. Ẹni tó bá mọ Sabon Gari nìkan, àdúgbò àwa àlejò ló mọ̀, kò tíì mọ Zaria.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlú àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Birni. Ẹ wọ kéké, ẹ gba Tudun Wada, ẹ wọlé ní ẹnubodè Kofar Doka. Ẹ fi ibi tó ṣẹ́kù lára odi ìlú hàn án, ganuwa ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn máa ń so odi yẹn mọ́ orúkọ Amina, ọmọ Bakwa Turunku, obìnrin jagunjagun ilẹ̀ Zazzau. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ìtàn Mọ́remí nílé, kíá ni tiẹ̀ máa yé e.

Ẹ lọ títí dé iwájú ààfin. Ahmed Nuhu Bamalli ni Ẹ́míà Zazzau láti ọdún 2020. Nítòsí ibẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ wà. Láyé àwọn baba ńlá wọn, mọlémọlé tí wọ́n ń pè ní Babban Gwani ló fi amọ̀ kọ́ ti àtijọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, apá kan mọ́ṣáláṣí náà wó lé àwọn tó ń kírun lórí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Torí náà, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má yọ fóònù síta, ẹ má pariwo. Ẹ kí àwọn bàbá tó jókòó níta. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wáyé, ẹ ní "Allah ya jikan su", kí Ọlọ́run ṣàánú wọn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn, ó ń wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ̀kọ́ tiyín náà wà nínú Birni. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sára babanriga wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi aska takwas hàn yín, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ó sì ń pẹ́. Ọmọ tó bá rí i á mọ ìdí tí iye rẹ̀ fi ju ti ẹ̀rọ lọ.

Ọjọ́ mìíràn, ẹ mú un lọ sí Wusasa. Ṣọ́ọ̀ṣì St Bartholomew wà níbẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ ní 1929, bí àwọn Hausa ṣe ń kọ́lé. Wusasa yìí ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti dàgbà. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún nílé pé kò sí onígbàgbọ́ láàárín àwọn Hausa, ẹ mú un lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èdè Hausa yin Olúwa. Á yà á lẹ́nu.

Òkè Kufena ò jìnnà sí Wusasa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa láti gùn ún, ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, omi, kí ẹ sì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá ó ṣeé gùn lọ́jọ́ yẹn. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ yí padà, kò sí àríyànjiyàn.

Ní Samaru fúnra rẹ̀, ẹ má kàn já ọmọ sílẹ̀ ní gétì. Ọdún 1962 ni wọ́n dá ABU sílẹ̀. Kó tó di yunifásítì, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ti wà níbẹ̀, níbẹ̀ ni Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ọmọ Yorùbá ti ń wá kàwé níbí tipẹ́, ẹ sọ fún un, àyà rẹ̀ á balẹ̀. Ẹ fi ilé ìkàwé Kashim Ibrahim hàn án. Dáàmù inú ọgbà náà dára fún ìjókòó ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un kó má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ dúró ní Kwangila, kí ẹ fi ọwọ́ hàn án: ọ̀nà Kano nìyí, ti Kaduna nìyí, ti Sokoto nìyí. Ẹ ní kó tún un sọ fún yín.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ fún un ní masa gbígbóná láàárọ̀ àti fura da nono lọ́sàn-án. Tí ẹ bá rí mazarkwaila, ṣúgà pupa tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe ní Makarfi, ẹ ra díẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sílé. Ìyá rẹ̀ á mọ̀ pé ọmọ òun ń gbádùn.

Tí ọdún bá dé, Hawan Sallah wà, tí wọ́n ń gun ẹṣin lọ kí Ẹ́míà. Ẹ dúró níbi tí àwọn ará ìlú dúró sí, kì í ṣe ojú ọ̀nà ẹṣin. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú.

Òfin ò pọ̀. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó jáde. Ẹ padà délé kí wọ́n tó pe ìrun mágàríbì. Ẹ má ya fọ́tò sójà, ẹ má ya obìnrin láì tọrọ àyè. Ẹ kọ́ ọmọ ní "ina kwana" fún àárọ̀, "ina wuni" fún ọ̀sán, àti "sannu da aiki" fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ẹ mú un dé ilé ọ̀rẹ́ yín kan tó jẹ́ Hausa, kí ó bá wọn jẹun, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀. Kí nọ́ńbà méjì wà nínú fóònù rẹ̀, ti Yorùbá kan, ti Hausa kan. Ọmọ tí wọ́n mọ ojú rẹ̀ nínú Birni kì í ṣe àjèjì mọ́.

Ẹlòmíì á ní, "Ta ló ráyè? Ọjà ńkọ́?" Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò bá ráyè rárá, kó fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé, ẹni tó ráyè á mú un lọ pẹ̀lú tiẹ̀. Èmi máa mú mẹ́ta. Ta ló tún kù? Ẹ fi ohùn sílẹ̀ fún wa o.