Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìdánrawò Ìbalẹ̀ Bàálù Nínú Afẹ́fẹ́ Ẹ̀gbẹ́

Àwọn àgbà ni wọ́n pa á lówe pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ ọdẹ kì í ti inú igbó ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ ọfà títa. Ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ó kọ́kọ́ ń ta á sí. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ tí ó ti wọ inú ilé àwọn ọmọ wa: kí ènìyàn jókòó sí yàrá rẹ̀, kí ó máa kọ́ bí a ti ń mú bàálù balẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé, kí ni irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ lè kọ́ni, kí sì ni kò lè kọ́ni?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ó ti jẹun alẹ́ tán, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pá ìtukọ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀, ibi ìtẹ̀sẹ̀ méjì sì wà lábẹ́ tábìlì. Bàálù kékeré oníjókòó mẹ́rin tí à ń pè ní Cessna 172 ni ó ń wà lójú kọ̀ǹpútà, pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ni ó sì fẹ́ balẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù láàrin Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó.

Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ọ̀nà ni o kọ̀ sílẹ̀ yẹn? Imú ọkọ̀ rẹ ti kọjú sí òrùlé àwọn ará Ìkẹjà."

Ọmọ dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ni mo fi imú rẹ̀ kọ. Bí mo bá kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà gan-an, afẹ́fẹ́ yóò gbé mi kúrò lójú ọ̀nà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dára. Bí ọlọ́kọ̀ ti í sọdá odò ni o ń ṣe."

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Ọlọ́kọ̀ tí ó fẹ́ sọdá odò tí ń ṣàn kì í kọjú ọkọ̀ rẹ̀ sí èbúté tí ó ń lọ tààrà. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ni omi yóò gbé e lọ gúnlẹ̀ sí. Apá òkè odò ni ó máa ń fi imú ọkọ̀ sí díẹ̀, kí agbára omi àti agbára àjẹ̀ lè jùmọ̀ gbé e dé èbúté tí ó ní lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàálù ti rí nínú afẹ́fẹ́. Imú rẹ̀ kọjú sí ibì kan, ibòmíràn ni ara rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé awakọ̀ ti ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà ni ó mú tọ́ yẹn.

Kí ni ó fà á tí afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ bàálù? Ìdí ni pé ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lé kì í yí padà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń yí padà. Bí a bá gbé atọ́nà, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń tọ́ka sí àríwá, sílẹ̀, dígírì 360 ni ó yí i ká. Wọn a máa yọ òdo ìkẹyìn kúrò nínú dígírì tí ojú ọ̀nà kọjú sí, kí wọn tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ọ̀nà ti Ìbàdàn ń jẹ́ 04 ní orí kan, ó ń jẹ́ 22 ní orí kejì. Ti Àkúrẹ́ ń jẹ́ 03 àti 21. Ti Ìlọrin ń jẹ́ 05 àti 23. Gbogbo wọn ni wọ́n na láti apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn lọ sí apá àríwá ìlà-oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé kò ní ṣàì rántí pé ọ̀nà yìí kan náà ni afẹ́fẹ́ ńlá méjèèjì ilẹ̀ wa ń gbà: afẹ́fẹ́ òjò ń ti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ọyẹ́ sì ń ti aṣálẹ̀ ní àríwá ìlà-oòrùn wá. Nítorí náà, iwájú ni bàálù sábà máa ń kọ afẹ́fẹ́ ní àwọn ìlú wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ti Ìkẹjà yàtọ̀. Àríwá sí gúúsù ni ojú ọ̀nà méjèèjì tí ó wà níbẹ̀ na sí. Nọ́ńbà wọn ni 18 àti 36. Bí afẹ́fẹ́ òjò bá wá láti dígírì 220, tí bàálù sì ń balẹ̀ sí ojú ọ̀nà 18, igun dígírì 40 ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Bí agbára afẹ́fẹ́ náà bá jẹ́ kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ìṣirò onígun mẹ́ta yóò fi hàn wá pé nǹkan bíi kìlómítà 19 nínú rẹ̀ ni ó ń ti bàálù láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ní Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ kan náà kò ní ti bàálù tí ń balẹ̀ sí ojú ọ̀nà 22 sí ẹ̀gbẹ́ rárá. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ Èkìtì ni ó mọ̀ pé ìjì òjò sábà máa ń ti ìlà-oòrùn dìde. Nígbà tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ bá dé, kò sí ojú ọ̀nà tí kò lè rí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́.

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó kẹ́yìn ni iṣẹ́ le jù. Bàálù kò gbọdọ̀ fi imú wíwọ́ kan ilẹ̀, nítorí pé táyà rẹ̀ yóò fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ilẹ̀, ó sì lè ya kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá kù díẹ̀ kí táyà kan ilẹ̀, awakọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń ti ọ̀tún fẹ́ lù yóò fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ibi ìtẹ̀sẹ̀, kí imú bàálù lè padà sí agbedeméjì ojú ọ̀nà. Ní àkókò kan náà, ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ ọ̀pá ìtukọ̀ sí ọ̀tún, kí apá ọ̀tún lè rẹlẹ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà rí abẹ́ rẹ̀ gbé. Táyà ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ti òsì yóò tẹ̀ lé e, ti iwájú yóò ṣe ìkẹyìn. Ọwọ́ ń ṣe tirẹ̀, ẹsẹ̀ ń ṣe tirẹ̀, ojú ń wo òpin ọ̀nà. Kò sí bí a ti lè ka èyí nínú ìwé tó, kí ara tó mọ̀ ọ́n, àfi kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí ó bí ẹ̀rọ ìdánrawò nìyí. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Edwin Link. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù ni bàbá rẹ̀ ní ní ìlú Binghamton. Ní ọdún 1929, Link mú ẹwìrì tí ń fún dùùrù ní afẹ́fẹ́, irú ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń fẹ́ iná, ó fi gbé ọkọ̀ kékeré kan dúró, tí ó fi ń yí, tí ó sì ń dà bí bàálù tòótọ́. Afẹ́fẹ́ ni ó tipa bẹ́ẹ̀ lò láti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń borí afẹ́fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ náà bí ohun ìṣeré. Ọdún 1934 ni ojú là. Wọ́n gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà. Láàrin oṣù díẹ̀, awakọ̀ tí ó ju mẹ́wàá lọ kú nínú kùrukùru àti ìjì. Ìgbà náà ni ìjọba wọn ra mẹ́fà nínú ẹ̀rọ Link. Ohun ìṣeré di ohun ìgbẹ̀mílà.

Ti inú ilé kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1975, Bruce Artwick, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Illinois, ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ya àwòrán ohun tí awakọ̀ òfuurufú ń rí. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ètò tí ó ṣe ti wà fún kọ̀ǹpútà kékeré. Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé e jáde lábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọ tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ bàálù rí ti lè máa tukọ̀ ní ilé bàbá rẹ̀.

Àǹfààní èyí fún ọmọ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó kò kéré. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 wà ní Zaria, ọ̀nà rẹ̀ jìn, owó ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Òótọ́ ni pé Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣí pápá ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀ ní Adó ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ṣùgbọ́n rírí bàálù kì í ṣe wíwà á. Nídìí kọ̀ǹpútà, akẹ́kọ̀ọ́ lè balẹ̀ nígbà 20 láàrin alẹ́ kan, bí iná mànàmáná kò bá lọ. Ó lè pàṣẹ fún afẹ́fẹ́ pé kí ó rọra. Ó lè pàṣẹ fún un pé kí ó le. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, epo kò ṣòfò, ènìyàn kò fara pa.

Ṣùgbọ́n ibi tí àǹfààní wà náà ni ewu wà. Lákọ̀ọ́kọ́, àga inú ilé kì í mì. Awakọ̀ tòótọ́ ń fi ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ̀ ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ọkọ̀. Ojú nìkan ni ti inú ilé ń lò. Ìdí nìyí tí wákàtí ìdí kọ̀ǹpútà ilé kì í fi í wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí ìfò. Lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí ó burú jù, ẹni tí ó bá já lulẹ̀ nínú ilé yóò tẹ bọ́tìnnì kan, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ kò bá sí níbẹ̀ láti bá a wí, ó lè kọ́ ọkàn rẹ̀ pé gbogbo ìbalẹ̀ ni a gbọdọ̀ fi agidi parí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣẹ̀lẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2008, bàálù Lufthansa kan fẹ́ balẹ̀ ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì nígbà tí ìjì líle ń jà. Bí ó ti ń kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ ẹ́, orí apá rẹ̀ òsì sì ha ilẹ̀. Àwọn awakọ̀ kò bá ilẹ̀ jà. Wọ́n pa ìbalẹ̀ náà tì, wọ́n tún gbéra sókè, wọ́n yí ká, wọ́n sì balẹ̀ sí ojú ọ̀nà mìíràn tí ó kọjú sí afẹ́fẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ènìyàn 137 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó fara pa.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ó sì ba ni lọ́kàn jẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 2005, bàálù Sosoliso gbéra láti Abuja lọ sí Port Harcourt. Ojú ọjọ́ ti bàjẹ́ kí ó tó débẹ̀. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé bàálù náà sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tí ó yẹ kí àwọn awakọ̀ ti padà sókè bí wọn kò bá tíì rí ojú ọ̀nà, àti pé afẹ́fẹ́ tí ń yí padà lójijì dá kún un. Nínú ènìyàn 110 tí ó wà nínú rẹ̀, 108 ni ó kú. Ọgọ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Loyola Jesuit tí wọ́n ń lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti Port Harcourt, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjèèjì pàdé ní ojú kan: ìgbà wo ni ó yẹ kí ènìyàn sọ pé, "Ó tó, ẹ jẹ́ kí á padà sókè"? Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo irú ìdánrawò yìí gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi ààlà sí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò agbára afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ sínú ìwé kí ó tó gbéra. Àwọn tí wọ́n ṣe Cessna 172 fi hàn pé àwọn ti mú un balẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó tó kìlómítà 28 ní wákàtí kan. Kí ti akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tó ìyẹn rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó pinnu ibi tí yóò ti padà sókè bí ọkọ̀ kò bá tíì dúró dáadáa. Kí olùkọ́ sì fún un ní máàkì fún ìbalẹ̀ tí ó pa tì ní àkókò tí ó yẹ, bí ó ti ń fún un fún èyí tí ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Olùkọ́ tí kò mọ ohunkóhun nípa bàálù lè rí ẹ̀kọ́ yìí mú lọ sí kíláàsì tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni a ti kọ́ ní àkọ́parí, tí a kò kọ́ ní àtúnbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìkọ̀lé. Afẹ́fẹ́ lójú kọ̀ǹpútà ti le sí i. Bàálù ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń yọ̀ lọ sí òsì. Ó ti ọwọ́ iná ẹ̀ńjìnnì síwájú, ó gbé imú ọkọ̀ sókè, ojú ọ̀nà sì kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá ní, "O ò wá balẹ̀ mọ́?"

Ọmọ ní, "Mo ṣì ń bọ̀, Bàbá. Èyí kò dára tó ni."

Bàbá fa àga kan, ó jókòó tì í. Ó ní, "Ọgbọ́n awakọ̀ ni yẹn. Tún un ṣe, mo ń wò ọ́."