Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Kí Ló Ń Jẹ Dátà Inú Ilé Gan-an?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

 

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Lónìí, wọ́n ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, PlayStation sì ti wọ pálọ̀. Ẹjọ́ tí ẹ̀yin bàbá ń rò fún mi kò ju ọ̀kan lọ: dátà oṣù kan, ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ fi gbá bọ́ọ̀lù tán lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn ọmọ. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń bá ẹni ọ̀nà jíjìn gbá kì í jẹ dátà púpọ̀. Ìròyìn kékeré ló ń lọ tó ń bọ̀, pé ta ló sáré, ta ló ta bọ́ọ̀lù. Inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni àwòrán ti ń jáde. Wákàtí kan kì í sábàá tó 200MB. Fíìmù tí ẹ̀yin ń wò lórí bẹ́ẹ̀dì lè ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ibi tí olè wà ni àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ géèmù ń fi ránṣẹ́. Call of Duty nìkan lè gbà ju 100GB lọ kó tó wọlé tán, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ náà sí “rest mode”, tí MiFi ṣì ń tàn, ó lè máa fa àtúnṣe wọlé lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ẹ pa á nínú “settings”. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tó ní fáíbà nílé, kó gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àtúnṣe ńlá. (Ẹ má gbé e wá sí báńkì wa o!)

Ti pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí sáfà géèmù bá wà ní London, ìmọ́lẹ̀ inú wáyà abẹ́ òkun pàápàá kò lè lọ kó sì bọ̀ kó má gbà tó ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èrò orí másítì á tún fi tirẹ̀ kún un. Dátà 200GB kò lè sọ London di Ìkẹjà. Ohun mìíràn tún wà: ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sórí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan, bí ayálégbé face-me-I-face-you. Ẹni inú ilé lè jáde, ṣùgbọ́n àlejò tó dé géètì kò mọ yàrá tí yóò kàn. Òun ló sábà máa ń fa “NAT Type 3” tí ẹ ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe ọmọ yín ló ba nǹkan jẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni káàdì ATM. Ẹ má fi káàdì àkáǹtì owó oṣù sórí ẹ̀rọ náà. Ọmọ á tẹ bọ́tìnnì, owó á lọ, ẹ ó wá bá wa ní báńkì pé wọ́n jà yín lólè, àkọsílẹ̀ á sì fi hàn pé pálọ̀ yín ni wọ́n ti rà á. Ẹ ra “gift card” níye tí agbára yín ká, tàbí kí ẹ ṣí àkáǹtì ọmọdé fún un, kí ẹ sì fi gbèǹdéke sí iye tó lè ná lóṣù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe é han òun, mo wà ní tábìlì tó sún mọ́ àwọn onílù, lẹ́yìn oúnjẹ.