Ọdún Bá Sójà Lójú Ogun

Bí àsìkò ọdún bá dé, ohun tí Yorùbá fi ń kí ara wọn ni, 'Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.' Gbólóhùn àkọ́kọ́ yé tọmọdé tàgbà: aṣọ tuntun, oúnjẹ àti ìdùnnú ni ó ń tọ́ka sí. Gbólóhùn kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ láìronú sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó yẹ kí ènìyàn dúpẹ́ pé ẹ̀mí òun gùn tó láti fi ojú rí ọdún náà. Bí ó bá ku àwọn kan tí ọ̀rọ̀ yìí yé dé egungun, àwọn náà ni ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ṣọdún lójú ogun ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar lónìí, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bí ọjọ́ kan ti ń mọ́, tí ó sì ń ṣú, fún sójà wọ̀nyí ní àsìkò Kérésìmesì ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Ní ọdún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ-ogun jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia, wọ́n sì pín wọn sí ẹgbẹ́ ńlá méjì, Ẹgbẹ́ Ọmọ-Ogun 81 àti 82. Ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé wọn lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ agbègbè Arakan ní Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànù jà. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, òjò kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn ní Arakan. Odò a kún àkúnya, ẹrẹ̀ a sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ìgbà tí òjò bá dá tán ni ogun tó ń gbóná. Nítorí náà, kì í ṣe èèṣì ni Kérésìmesì fi ń bá sójà lójú ogun. Àsìkò tí àwọn ará ilé ń palẹ̀ ọdún mọ́ gan-an ni àsìkò ìjà.

Kérésìmesì ọdún 1943 bá Ẹgbẹ́ 81 lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà lílà. Láti Chiringa, ní ilẹ̀ tí ó ti di Bangladesh lónìí, títí dé àfonífojì odò Kaladan, òkè lórí òkè àti igbó kìjikìji ni. Dígà àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi la ibẹ̀. Ọ̀nà náà gùn tó máìlì 75, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1944. Ẹni tí ó rò pé ìbọn yínyìn nìkan ni iṣẹ́ ogun, kí ó rántí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ọjọ́ ọdún gbẹ́ ilẹ̀ olókùúta.

Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1944 fi dé, iṣẹ́ ti yí padà. Ẹgbẹ́ 81 tún wà ní àfonífojì Kaladan, Ẹgbẹ́ 82 sì wà ní agbègbè Buthidaung. Báwo ni ọjọ́ kan ṣe ń rí níbẹ̀? Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn á ti wà nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́, ìbọn á wà lọ́wọ́, ojú á sì wà lára igbó, nítorí pé àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀tá fẹ́ràn láti kọlu ènìyàn. Òtútù á mú wọn. Ọyẹ́ ilé a máa gbẹ ètè, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ tutù rinrin: ìrì á mú aṣọ, ìkùukùu á sì bo àfonífojì títí oòrùn yóò fi là. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò nu ìbọn, tí wọn yóò gbé oògùn ibà aláwọ̀ ìyeyè mì, nítorí pé ẹ̀fọn ilẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ ìrìn, wọn á rìn.

Àwọn aláàárù wà láàárín wọn, tí wọ́n ń fi orí ru ọta, oúnjẹ àti oògùn gun òkè, bí àgbẹ̀ ti í ru iṣu bọ̀ láti oko. Ibi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ènìyàn ni ó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìbọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọta ìbọn kò mọ aláàárù yàtọ̀ sí jagunjagun.

Láti òfúrufú ni oúnjẹ ti ń wá. Ọkọ̀ òfúrufú Dakota a fò kọjá, a sì já ẹrù sílẹ̀. Wọ́n ń so àwọn ẹrù kan mọ́ aṣọ ńlá tí ó máa ń ṣí bí agboòrùn, ṣùgbọ́n àpò ìrẹsì a máa já bọ́ lásán, ó sì lè pa ẹni tí kò bá tètè sá. Ìrẹsì, ẹran inú agolo, bísíkíìtì àti tíì ni oúnjẹ wọn. Ẹni tí ó ti ń fọkàn yá iyán ọdún nílé, bísíkíìtì líle ni yóò máa họ jẹ níbẹ̀.

Bí ọjọ́ ọdún bá pé ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ kò ní ìsinmi. Ibi tí àyè bá gbà, àwọn Kristẹni a kọ orin, a sì gbàdúrà ní ṣókí. Àwọn Mùsùlùmí náà ti la irú rẹ̀ kọjá, nítorí pé Iléyá ọdún 1944 bọ́ sí ìparí oṣù Kọkànlá, nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìlù pe ènìyàn jọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná kò gbọdọ̀ tàn, sìgá kò gbọdọ̀ ràn. Nígbà mìíràn ọ̀tá a máa pariwo láti inú igbó lóru kí sójà lè fi ìbẹ̀rù yìnbọn, kí wọ́n sì mọ ibi tí ó wà. Ìdákẹ́jẹ́ ni orin ọdún níbẹ̀.

Ohun tí ó wúwo jù ẹrù orí lọ ni ìrònú ilé. Lẹ́tà a máa pẹ́ kí ó tó dé. Ẹni tí kò mọ̀wé a bẹ ẹni tí ó mọ̀wé, èyí sì mú kí àwọn kan kọ́ ìwé kíkà nínú iṣẹ́ ológun. Síbẹ̀, sójà kò gbọdọ̀ dárúkọ ibi tí ó wà, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ka ìwé náà. Nítorí náà, ìyá tí ó ń ṣọdún nílé kò mọ òkè tí ọmọ òun sùn sí. Àjò kò ní í dùn kí onílé má rèlé, ṣùgbọ́n onílé yìí kò mọ ọjọ́ tí òun yóò rèlé.

Àpẹẹrẹ kan hàn gbangba. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ni ó wà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànù ká wọn mọ́ ní àfonífojì Kaladan, ìbọn sì fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n fi pamọ́ fún bí oṣù mẹ́sàn-án. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń fún wọn ní oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ pé bí ọ̀tá bá gbọ́, òun àti ẹbí òun gbé. Oṣù Kejìlá ọdún 1944 ni àwọn ọmọ-ogun Gurkha dé, tí wọ́n sì gbà wọ́n là. Ẹ ro ìtumọ̀ 'ẹ kú ìyèdún' fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 náà ní Kérésìmesì ọdún yẹn.

Ogun parí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kò tó. Kérésìmesì ọdún 1945 tún bá ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà. Lọ́dún àkọ́kọ́, ṣọ́bìrì ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún kejì, ìbọn. Lọ́dún kẹta, ọwọ́ òfìfo. Ìdúró yìí ṣòro, nítorí pé ogun tí ó dá wọn dúró ti tán, ilé kò sì tíì yá.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò rí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè púpọ̀. Fadoyebo kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1999. Ní ọdún 2011, fíìmù kan tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹbí Shuyiman, tí wọ́n sì gba lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2012. Ẹnì kan ṣoṣo ni èyí. Ọ̀pọ̀ mú tiwọn wọ inú ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kù síbẹ̀. Ẹ wo inú àpótí àwọn bàbá àgbà: lẹ́tà, àwòrán tàbí àmì-ẹ̀yẹ lè wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ wọn léèrè ohun tí bàbá wọn máa ń sọ ní alẹ́ ọdún, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni sójà Nàìjíríà ti ń ṣọdún lẹ́yìn odi: ní Congo láti ọdún 1960, ní Lebanon láti ọdún 1978, ní Liberia láti ọdún 1990. Ìtàn tiwọn náà ń dúró de olùbéèrè. Bí ọdún bá sì tún yí po, tí a bá wí fún ara wa pé 'Ẹ kú ìyèdún', ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ní ìwúwo lẹ́nu.