Ẹ̀yin Tí Wọ́n Ní Eré Lẹ Lọ Kà

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, mo mọ̀ pé wọ́n ti bi ọ̀pọ̀ nínú yín nílé pé ṣé bọ́ọ̀lù náà lẹ tún ń lọ sí yunifásítì kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Forrest Allen, tí wọ́n ń pè ní Phog, fún yín.

James Naismith ló dá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Springfield, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1891. Apẹ̀rẹ̀ èso ni wọ́n kàn mọ́ òkè nígbà náà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ̀ ọ́, àfi kí ẹnìkan gun àkàbà lọ yọ ọ́. Lábẹ́ Naismith ni Allen ti gbá a ní Yunifásítì Kansas. Nígbà tí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá yọjú fún Allen, ọ̀gá rẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀: gbígbá ni wọ́n ń gbá a, wọn kì í kọ́ni. Ẹni tó bí eré náà ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Allen kọ́ni títí di 1956, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1952.

Iṣẹ́ tó ṣe nídìí tábìlì ló wù mí jù. Ọdún 1919 ló di ọ̀gá eré ìdárayá ní Kansas. Ní 1927, ó kó àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ó sì jà títí eré náà fi wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Berlin lọ́dún 1936. Ẹgbẹ́ yẹn ló dáwó jọ kí Naismith lè débẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti gbá àṣekágbá, nínú òjò, lórí ilẹ̀ tó ti di ẹrẹ̀. Bọ́ọ̀lù kọ̀, kò ta mọ́. Amẹ́ríkà na Kánádà ní 19 sí 8.

N kò ní pọ́n ọn kọjá bó ṣe yẹ. Lásìkò tí Allen wà lórí àga ọ̀gá eré ìdárayá yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, John McLendon, ń kàwé ní Kansas lọ́dọ̀ Naismith. Wọn kò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. McLendon di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè nínú ìdíje NAIA, ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, láti 1957 dé 1959.

Láìpẹ́, ẹ̀yin lẹ óò máa yan ọmọ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ kankan sílẹ̀ níta nítorí ilé tó ti wá.