Owó Iná Ilé Wa: Kí Ló Kù Nínú Mítà?

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àkànṣe tó ṣáájú àjọ̀dún ọdún kẹwàá)

 

Ìkéde ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu Alukoro. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbìmọ̀ ní kí a mú ọ̀rọ̀ tó lè wúlò fún ilé gbogbo wá láti inú iṣẹ́ òòjọ́ wa, iṣẹ́ báńkì sì ni a ń ṣe. A ro ọ̀rọ̀ owó yíyá, a ro ti owó ìfẹ̀yìntì, a wá rí i pé owó kan wà tí kò sí ilé tí kì í san án, tí a kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò bó ti yẹ. Owó iná ni.

Ojú wa ni NEPA fi di PHCN ní 2005. Ojú wa náà ni wọ́n ṣe pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní oṣù kọkànlá 2013. Nígbà tí à ń sáré jáde kígbe “Ọ́ọ̀pù NEPA!”, àwọn òbí wa ń lo iná ná, bíìlì yóò wá tẹ̀ lé e. Ní ti ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, owó ló ń ṣáájú, iná ń bọ̀ lẹ́yìn. Lójú oníṣẹ́ báńkì, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹni tó sanwó sílẹ̀ kó tó gba ọjà, owó rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Yúníìtì tó wà nínú mítà wa, owó wa ni, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà nínú àkáǹtì ti jẹ́ owó wa. Kò sí ẹni tí kò mọ iye tó kù ní báńkì níbí. Èló ló kù nínú mítà yín lálẹ́ àná?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rìsíìtì. Ọ̀pọ̀ wa, nọ́ńbà 20 yẹn nìkan la máa ń wò, bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán ó parí. Ní oṣù kẹrin 2024, yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Báàńdì A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún yẹn ó di ₦209.50. Bí a bá ra iná ₦10,000 ní iye yẹn, owó orí VAT tó jẹ́ 7.5% yóò mú ₦697.67, èyí tó kù yóò fún wa ní yúníìtì 44 àti díẹ̀. Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ 30, nǹkan mìíràn ti gba ibẹ̀ lọ. Ẹ wo rìsíìtì náà dáadáa, gbèsè àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀.

Gbèsè yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín onílé àti ayálégbé. Ẹni tó kó jáde lọ tòun ti gbèsè, mítà ò bá a lọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ tó san owó ilé tuntun, ẹ ra iná ₦1,000 péré sí mítà ilé náà, kí ẹ sì ka rìsíìtì rẹ̀. Bí gbèsè bá wà, yóò fojú hàn. Ẹ jẹ́ kí onílé bá ilé iṣẹ́ iná parí rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò nílé, kó má ra iná ńlá sílẹ̀ lóṣù tó fẹ́ lọ, nítorí ẹni tó bá kó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò lò ó.

Gbèsè nìkan kọ́ ló ń wà lórí àkáǹtì iná. Nígbà mìíràn, àwa náà la ní owó lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n fi owó ara wọn ra mítà lábẹ́ ètò tí à ń pè ní MAP. Ìlànà àjọ NERC ni pé kí ilé iṣẹ́ iná dá owó náà padà, ní yúníìtì, díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá ìwé tí ẹ fi sanwó jáde, kí ẹ lọ béèrè ibi tí tiyín dé. Ẹni tí kò béèrè, a ò lè bá a dá ọjọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìyá kan. Ìyá ọ̀kan nínú wa ni, a sì ti gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ kí a tó sọ ọ́. London ni ọmọ wà. Oṣù kì í parí kó má fi nọ́ńbà iná ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ lórí WhatsApp, ọmọ ará ilé kejì ni yóò bá màmá tẹ̀ ẹ́. A lọ kí màmá lálẹ́ ọjọ́ kan. Inú òkùnkùn la bá wọn, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, bẹ́ẹ̀ iná wà ládùúgbò. A ní, “Màmá, ṣé iná inú mítà ti tán ni?” Wọ́n ní rárá o, àwọn ń ṣọ́ ọ ná ni, kí owó ọmọ àwọn má baà tètè tán. A yẹ mítà wò, yúníìtì 212 ló wà níbẹ̀.

A jókòó, a ṣírò rẹ̀ fún wọn. Gílóòbù wáàtì 10 tó wà ní pálọ̀, bí wọ́n bá tàn án fún wákàtí 5 lálaalẹ́, yúníìtì kan àtààbọ̀ ni yóò jẹ lóṣù kan. Bí ilé wọn bá tiẹ̀ wà ní Báàńdì A tó wọ́n jù, ní iye ₦209.50 ti 2024 yẹn, pẹ̀lú owó orí, kò pé ₦350. Fáànù wáàtì 75, wákàtí 8 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, yúníìtì 18 lóṣù, nǹkan bíi ₦4,050. Sítóòfù iná wáàtì 1,000 tí àwọn ọmọ-ọmọ fi ń se núdù nígbà ìsinmi ńkọ́? Yúníìtì kan ni wákàtí kan péré. Gílóòbù pálọ̀ yóò lo 20 alẹ́ kó tó jẹ iye yẹn! Màmá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń bẹ̀rù kọ́ ló ń jẹ owó. Ẹ̀yin tí òbí yín ń bẹ nílé, ẹ pè wọ́n lóru òní kí ẹ bi wọ́n bóyá iná pálọ̀ wà ní títàn. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn títí tí wọn yóò fi mọ ohun tó lè ṣe.

Ẹ tún fọkàn sí èyí. Láti 24 oṣù kọkànlá 2024, mítà tí wọn kò bá tíì fi nọ́ńbà àyípadà sí kò gba iná tuntun mọ́. Oríṣi nọ́ńbà méjì ni, 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀ kí a tó tẹ nọ́ńbà iná gan-an. Ilé abúlé tí a ti tì pa láti ìgbà náà lè wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Yúníìtì tó ti wà nínú mítà tẹ́lẹ̀ kò bàjẹ́ o, láti 2016 sì ni wọ́n ti fagi lé owó ìdúró oṣooṣù.

Ní báńkì, ẹjọ́ méjì là ń gbọ́ jù lórí iná. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà mítà àṣìtẹ̀. Orúkọ máa ń jáde kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí kì í bá ṣe orúkọ tó wà lórí mítà yín, ẹ dúró. Èkejì ni pé owó ti kúrò, nọ́ńbà iná kò dé. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó náà, ẹ kàn sí báńkì tàbí ẹni tí ẹ ra iná lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òkùnkùn bá le, ẹ ra kékeré míì, ẹ má ṣe tún odindi san.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ní mítà, tí bíìlì àfojúdá ń bá jà, NERC ní ìlànà fún yín. Ẹni tí kò fara mọ́ bíìlì rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé fi ẹ̀hónú hàn, kó sì máa san iye bíìlì ìgbẹ̀yìn tí kò ní àríyànjiyàn, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣáájú kí wọ́n tó já iná. Àròyé ẹnu kò tó o. Ẹ kọ̀wé, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà yín. Láti ìgbà òfin iná 2023, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń gba àkóso iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹni tó bá wà nírú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé ẹjọ́ lọ bí ilé iṣẹ́ iná kò bá dáhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ transfọ́mà tí àwọn àdúgbò kan mú wá síwájú ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ àjọ̀dún. A mọ̀ pé òkùnkùn ti sú wọn, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ kò ní dùn láti rí orúkọ ẹgbẹ́ wa lára irin. Ṣùgbọ́n NERC ti sọ ọ́ pé ojúṣe oníbàárà kọ́ ni láti ra transfọ́mà, òpó tàbí wáyà. Bí àdúgbò bá fẹ́ náwó sí i, àdéhùn lórí bí owó yóò ṣe padà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ iná ṣe, ní kíkọ sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé bí ìwé yẹn kò bá tíì sí, kí kọ́bọ̀ má kúrò nínú àpò ẹgbẹ́.

Ẹni tó bá mú rìsíìtì iná rẹ̀ wá, a wà nídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lẹ́yìn oúnjẹ.