ÌGBÀGBỌ́ WA ÀTI ÀJẸSÁRA ÀWỌN ỌMỌ WA
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní Àpéjọ Gbogbogbò ìjọ wa, ní Accra)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn wa, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni, ọ̀rọ̀ orúkọ ìjọ wa sì ni pẹ̀lú.

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ tọkọtaya kan tí í ṣe ọmọ ìjọ wa ní Amẹ́ríkà. Ilé-ìwé ti sọ fún wọn pé ọmọ wọn kò lè wọlé bí kò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí a kọ̀wé, kí a sì lu òǹtẹ̀ ìjọ sí i, pé ẹ̀sìn wa kọ àjẹsára, kí àwọn àti àwọn òbí mìíràn lè gbé e lọ síwájú ìjọba láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a yí òfin padà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi gbé ìwé náà sí orí pẹpẹ. Ìdáhùn tí a fún wọn ni a fẹ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́.

Kí ẹni tí kò mọ bí ọ̀ràn náà ti rí lè mọ̀ ọ́n: ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin àjẹsára fún ilé-ìwé tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn fi àyè sílẹ̀ fún òbí tí ó bá sọ pé ìgbàgbọ́ òun kò gbà á. California mú irú àyè bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọdún 2015. New York náà mú un kúrò ní June 2019, nígbà tí àrùn èéyi bẹ́ sílẹ̀ ní Brooklyn àti Rockland, tí iye àwọn tí ó mú ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún náà sì ju 1,200 lọ. Ọ̀pọ̀ òbí tú sí ìta, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ lọ, kí àyè náà lè padà. Ní West Virginia, gómìnà pàṣẹ ní January 2025 pé kí a ṣí irú àyè bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà sì di ọ̀ràn ilé ẹjọ́.

A kò fi àwọn òbí wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rù ọmọ ni ó ń bà wọ́n, òbí tí ó bá sì bèèrè ohun tí a fẹ́ fi gún ọmọ rẹ̀ lára kò ṣẹ̀. Bí dókítà bá rí ohun kan lára ọmọ tí kò jẹ́ kí ó lè gba abẹ́rẹ́, ó tọ́ kí a yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bèèrè lọ́wọ́ wa ni pé kí a fi orúkọ Ọlọ́run jẹ́rìí sí ohun tí Ọlọ́run kò sọ. Nítorí ìdí mẹ́ta ni a kò fi lè ṣe é.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí ìjọ aládùúrà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn kiri, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. Nígbà náà, àwọn dókítà pàápàá kò ní oògùn rẹ̀. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn èyí, púpọ̀ nínú àwọn baba wa kọ oògùn pátápátá, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Síbẹ̀ ẹ ka ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20. Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Wòlíì kan náà tí ó mú ìdáhùn wá ni ó ní kí a fi èso ọ̀pọ̀tọ́ sí ojú oówo náà. Ta ni yóò sọ pé Àìsáyà kò ní ìgbàgbọ́?

Èkejì, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abakaliki, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ní ọdún 1967. Ṣànpọ̀nná wọ ìlú náà. Àwọn ọmọ ìjọ Faith Tabernacle tí ó wà níbẹ̀ kọ̀ láti bupá nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Nínú ènìyàn 32 tí àrùn náà mú, 30 jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ẹ má ṣe rò pé wọn kò gbàdúrà. Wọ́n gbàdúrà bí àwa náà ti ń gbà á. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣànpọ̀nná ti tán ní ayé. Àrùn tí àwọn baba ńlá wa kò jẹ́ pè ní orúkọ rẹ̀ gan-an nítorí ìbẹ̀rù, bíbupá ni Ọlọ́run fi lé e lọ.

Ẹ̀kẹta, àjẹsára kì í ṣe ti ọmọ ẹni nìkan. Ní Ghana níbí, oṣù 9 ni ọmọ ń kọ́kọ́ gba ti èéyi, a sì ń fún un ní èkejì ní oṣù 18. Ọmọ oṣù 7 tí ìyá rẹ̀ pọ̀n wá sí ìsìn kò tíì gba nǹkan kan. Àwọn tí ó yí i ká ni odi rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé nínú ènìyàn 100, ó yẹ kí bí 95 ti gbà á kí èéyi má baà rí ọ̀nà tàn kálẹ̀. Ní Texas, ní ọdún 2025, ọmọ 2 tí kò gba àjẹsára bá èéyi lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òfin ilẹ̀ yìí pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀: Òfin Àwọn Ọmọdé ti ọdún 1998, ní apá 8, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àjẹsára du ọmọ, kò sì gbà kí a tìtorí ẹ̀sìn fi ìtọ́jú du ú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Accra kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí àjẹsára ikọ́ ife, ti rọpárọsẹ̀ àti ti èéyi wọ́n ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ìyá pọ̀n ọmọ lọ sí ibi ìwọ̀n ọmọ, wọ́n sì pọ̀n wọ́n padà lásán. Ohun tí àwọn wọ̀nyí fi omijé wá, ni àwa yóò ha kọ̀wé pé Ọlọ́run kọ̀?

A ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ níwájú yín. Ní nǹkan bí ọdún 20 sẹ́yìn, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí a ń ṣe àbójútó ìjọ kékeré kan ní ìgbèríko, ìyá kan bi wá léèrè bóyá kí òun gbé ọmọ òun lọ gba àjẹsára. A bẹ̀rù ohun tí àwọn àgbà ìjọ yóò wí, a sì dá a lóhùn pé kí ó ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ti darí rẹ̀. Kò lọ. Èéyi mú ọmọ náà. A gbàdúrà, ó sì yè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan fọ́. Ìyá náà kò bú wa rí. Ọkàn wa ni ó ń dá wa lẹ́bi títí di òní.

Nítorí náà a kọ̀wé sí Amẹ́ríkà pé a kò lè lu òǹtẹ̀ náà. A fi kún un pé a ń gbàdúrà fún ọmọ wọn lórúkọ, àti pé bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, kí wọ́n mú alàgbà ìjọ dání lọ bá dókítà, kí wọ́n bèèrè gbogbo ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú. Ohun kan náà ni a ń bẹ ẹ̀ka gbogbo pé kí wọ́n máa ṣe. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, bí ìyá bá bi yín léèrè, ẹ fún un ní ìdáhùn tí ó gún. Ẹ gbàdúrà fún ọmọ kí ó tó lọ, ẹ gbàdúrà nígbà tí ó bá dé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó lọ.

Kí Olúwa kí ó pa àwọn ọmọ wa mọ́, kí ó sì fi òye fún àwa tí ó fi wọ́n sí lọ́wọ́. Àmín.