Ta Ló Da Omi Náà? Ìwádìí lórí Òye Ọmọdé àti Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa bí òye ṣe ń dàgbà nínú ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà gùn, n kò sì lè kó o tán lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dì mú: bí a bá ṣe bi ọmọ léèrè ni a ó ṣe mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń pè ní olódo nílẹ̀ yìí, ìbéèrè wa ló wọ́, orí wọn kò wọ́.

Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí wọ́n bí ní 1896, ló dá ìdánwò kan sílẹ̀ tí gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ tíṣà ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ gbé ife méjì tó dọ́gba sílẹ̀, kí ẹ bu omi sí wọn ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ bi ọmọ ọdún 5 bóyá wọ́n dọ́gba, yóò ní wọ́n dọ́gba. Ẹ wá da omi ọ̀kan sínú ife mìíràn tó ga tó sì tín-ín-rín. Omi á gòkè. Ẹ tún bi í. Ọ̀pọ̀ wọn á ní omi inú ife gíga ló pọ̀ jù. Ọmọ ọdún 8 á wò yín bí ẹni pé ẹ ń tàn án ni, á ní omi kan náà kọ́ ni? Piaget ní ìpele-ìpele ni òye ń dé, àti pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ jọ bó ṣe ń fọwọ́ kan nǹkan tó ń tú u wò. Olùkọ́ kò lè rọ ọ́ sí i létí.

Kò pẹ́ tí ìdánwò yìí fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1961, Price-Williams gbé ìwádìí tó ṣe láàárín àwọn ọmọ Tiv jáde: ní nǹkan bí ọdún 8, wọ́n ti mọ ohun tí ọmọ Yúróòpù mọ̀ lọ́jọ́ orí náà. Barbara Lloyd náà gbé e dé Ìbàdàn, sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jà gùdù lọ́kàn tèmi ni ti Patricia Greenfield ní Sẹ̀nẹ̀gà, tó jáde ní 1966.

Abúlé àwọn Wolof ló lọ, níbi tí àwọn ọmọ kan ń lọ sílé-ìwé tí àwọn kan kò lọ. Òun ló ń da omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò lọ sílé-ìwé ní omi ti yàtọ̀. Nígbà tó béèrè ìdí, àwọn kan ní nítorí pé òun ló dà á ni. Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ níbẹ̀. Àgbà ni, àlejò ni, òyìnbó tún ni. Ó gba ife, ó ṣe nǹkan sí omi. Ta ni ọmọdé tó máa ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀? Greenfield wá gbé ife lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó dà á fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dà á báyìí, iye àwọn tó ní omi kan náà ni pọ̀ sí i gidigidi. Omi kò yí padà, ife kò yí padà, ọwọ́ tó dà á ló yàtọ̀. Ó tún kíyè sí nǹkan mìíràn. Bó bá ní, “Kí ló dé tí o fi rò bẹ́ẹ̀?” ọmọ tí kò lọ sílé-ìwé á kàn máa wò ó. Bó bá ní, “Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?” ọmọ á dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí á mú un wálé. Nílé wa, ẹni tó bá bi ọmọ léèrè, nǹkan ló fẹ́ mọ̀. “Ìyá rẹ ńkọ́?” “Ta ló bu ẹran nínú ìkòkò?” Tíṣà nìkan ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹyẹ márùn-ún sójú pátákó, tó mọ̀ pé márùn-ún ni, tó tún ń bi ọmọ pé mélòó ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé-ìwé, irú ìbéèrè yìí kò wọ́pọ̀ nílé wọn àfi níbì kan: àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tó ń pa àlọ́ ti mọ ẹni tó kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba, síbẹ̀ ó ń béèrè, inú ọmọ sì ń dùn láti dáhùn. Bó bá ṣì í, ẹ̀rín ni wọ́n á rín, a kì í na ẹni tó ṣi àlọ́. Lójú tèmi, tíṣà ìwé kìn-ín-ní ní Inísà tó bá fi àlọ́ ṣí ìṣirò àárọ̀ kò fi àkókò ìjọba ṣòfò rárá. Ó ń fi ọ̀nà tí ọmọ ti mọ̀ mú un wọ bí ilé-ìwé ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀.

Òkukù tí a jókòó sí yìí náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Onímọ̀ kan, Karin Barber, gbé ìlú yìí láàárín ọdún 1974 sí 1977, ìwé tó kọ lórí oríkì Òkukù sì jáde ní 1991. Nínú ohun tó rí, kò sẹ́ni tó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì láti máa kọ́ wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin wà lẹ́yìn ìyá, ó wà níbi ìyàwó, ó wà níbi òkú, ó ń gbọ́, ó ń gbè é lẹ́sẹ̀, títí tó fi ń dá kì. Ẹ ro iye ọ̀rọ̀ tó ti há sórí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni a máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ ní òpin sáà pé kò lè há nǹkan sórí.

Bí ọmọ bá lè kọ́ nǹkan láìsí olùkọ́ báyìí, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ọmọ tó ń kiri ọjà kò nílò tíṣà ìṣirò. Ẹ rọra. Lóòótọ́, ẹ lọ sí ọjà Ìkìrun. Ọsàn mẹ́ta ni ₦200, oníbàárà fẹ́ méjìlá, ó na ₦1,000. Ọmọ kò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀. Á fọwọ́ kan òkìtì: igba, irinwó, ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin, á na ṣéńjì ₦200 padà, ojú rẹ̀ á ti wà lára oníbàárà kejì. Ní Recife, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn olùwádìí kan tẹ̀lé àwọn ọmọ márùn-ún tó ń tajà. Nínú ìwádìí náà, tó jáde ní 1985, wọ́n gba nǹkan bí 98 nínú 100 ìṣirò ìdí ọjà. Nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò náà sórí ìwé lásán, wọn kò gbà ju nǹkan bí 37 lọ. Jill Posner pẹ̀lú ti fi hàn ní 1982, ní Côte d'Ivoire, pé láàárín àwọn tí kò lọ sílé-ìwé, ọmọ Dioula, tó jẹ́ ọmọ oníṣòwò, ta ọmọ Baoulé, tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, yọ nínú ìṣirò orí.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan jáde ní 2025 tó yẹ kó gba oorun lójú wa. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán àwọn ọmọ tó lé ní 1,400 tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jà wò ní Kolkata àti Delhi. Àwọn ọmọ ọjà ń ṣe ìṣirò ọjà geere, ti ilé-ìwé ń mú wọn lómi. Àwọn tí ilé-ìwé nìkan mọ̀ náà, ìṣirò ọjà dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Afárá tí a kò tẹ́, kò sí láàárín bèbè odò méjèèjì. Nítorí náà, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń yin ìkiri bí ẹni pé ilé-ìwé ni. Ọmọ tó ń kiri ń pàdánù nǹkan. Tíṣà tí kò sì béèrè bí ọmọ náà ṣe rí ₦800 kó tó fi ọ̀nà ti pátákó hàn án, òun náà ń pàdánù nǹkan.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù, ibẹ̀ sì ni ará ń ta wá sí. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Apá kan nínú àwọn ọmọ fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo àfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú. Apá kejì yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ti Yorùbá ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni títí dé ìwé mẹ́fà. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC àti NECO. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ ìwé kìn-ín-ní lábẹ́ ìlànà 2022 kò tíì jáde ìwé mẹ́fà ní 2025. WAEC wo ló ṣe? Wọ́n tún ń sọ pé èdè pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó tàbí Àbújá. Láti Ìkìrun dé Inísà dé Òkukù, èdè wo ló ń bá Yorùbá du ẹnu ọmọ ọdún mẹ́fà?

Àwọn òbí tó ń sanwó kí wọ́n má baà gbọ́ fániákúlà lẹ́nu ọmọ wọn, mo gbọ́ ìbẹ̀rù yín, kò sì jẹ́ ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ìwádìí Modákẹ́kẹ́ tí a kì í sábà tẹnu mọ́: tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ́ dáadáa, tó gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀, ni wọ́n fi sídìí Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọ̀ wa, tíṣà mẹ́fà ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá wọn lójú kọ́ ohun gbogbo, ọmọ á wá kó àṣìṣe mẹ́fà jọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá ní ẹyọ ẹnìkan tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán mọ́rán lè mú un kúrò ní kíláàsì tirẹ̀ lọ́la, kó máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan láti ìwé kìn-ín-ní dé ìkẹfà, kí àwọn tó kù pín kíláàsì rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé ìyókù. Kò ní kí ìjọba gba tíṣà tuntun kan. Tábìlì àkókò ni yóò yí padà, ọ̀gá ilé-ìwé ló sì ń kọ ọ́.